Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Ẹ Bá Bá Òkè Tí Ẹ Fẹ́ Gùn Ní Títì

Nígbàkigbà tí àkókò ìsinmi bá ti ń súnmọ́ etílé, ìbá ṣe ti Àjíǹde, ìbá ṣe ti oṣù kẹjọ, ìbá ṣe ti Kérésìmesì, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ máa ń bi wá: "Pásítọ̀, níbo ni kí á kó àwọn ọmọ lọ lọ́dún yìí?" Inú wa a máa dùn sí ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìlú ńlá ni kò tíì fi ẹsẹ̀ ara wọn gun òkè kankan rí. Wọ́n mọ orúkọ àwọn òkè ilẹ̀ òkèèrè nínú fíìmù, ṣùgbọ́n wọn kò mọ èyí tí baba ńlá wọn sá sí nígbà ogun.

Ìbéèrè kejì wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi wá títí mọ́tò yóò fi dúró ní ẹnu ọ̀nà: "Bí a bá dé ibẹ̀, tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn ńkọ́?" Lórí ìbéèrè kejì yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lónìí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilẹ̀ Yorùbá kò ní òkè kan ṣoṣo.

KÍ NI Ó Ń MÚ KÍ WỌ́N TI ÒKÈ?

Ohun kìíní ni òjò. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀ ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Bí òjò bá pọ̀, ohun tútù aláwọ̀ ewé máa ń hù lára òkúta, yíyọ̀ rẹ̀ a sì dà bí ẹni da ọṣẹ sílẹ̀. Ní ibi tí omi ti ń já látorí òkè, ewu mìíràn tún wà. Òjò lè rọ̀ ní ìlú kejì, kí oòrùn sì máa ràn ní ibi tí ẹ dúró sí. Kí ẹ tó mọ̀, omi ti kún dé àyà. Nítorí náà, bí ẹ̀ṣọ́ bá sọ pé ẹ kò lè lọ sókè lónìí, ẹ má wo ojú ọ̀run nìkan kí ẹ tó bá a jiyàn.

Ohun kejì ni àtúnṣe. Àtẹ̀gùn a máa fọ́, irin tí a ń fi ọwọ́ dì mú a máa dípẹtà. Ohun kẹta ni ọdún ìbílẹ̀ àwọn onílé, tí wọ́n máa ń ní ọjọ́ tiwọn tí wọn kì í fẹ́ kí àlejò gòkè. Ohun kẹrin ni àrùn àti àìsí ààbò. Gbogbo wa la rántí ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti ilé ìjọsìn, ilé-ìwé àti ibi ìgbafẹ́ káàkiri. Láti ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti mú kí ènìyàn máa ro ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Peru, ọ̀nà òkè tí àwọn ará Inca ìgbàanì là lọ sí Machu Picchu lókìkí káàkiri ayé, síbẹ̀ gbogbo oṣù kejì ọdún ni wọ́n máa ń tì í láti tún un ṣe, nítorí pé àkókò òjò wọn nìyẹn. Àwọn tí ó bá débẹ̀ nínú oṣù náà kì í jókòó sunkún. Àwọn mìíràn a gba ọ̀nà Lares, àwọn mìíràn a sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ìlú àtijọ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà ẹsẹ̀ ni wọ́n tì, wọn kò ti ìlú náà.

Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, adágún omi kan wà lára òkè tí wọ́n ń pè ní Hanging Lake. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, iná jó igbó àyíká rẹ̀, wọ́n sì ti ọ̀nà náà. Wọ́n ṣí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù keje, òjò ńlá rọ̀. Àwọn igi tí ìbá di ilẹ̀ mú ti jóná, ni ẹrẹ̀ àti òkúta bá ya wálẹ̀, wọ́n bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ó di oṣù kẹfà ọdún 2022 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún dárúkọ adágún yìí níwájú.

Ẹ̀KỌ́ KAN LÁTI ẸNU Ọ̀NÀ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tí a ń ṣe olùṣọ́ rẹ̀ nígbà náà lọ sí ibi kan tí omi ti ń já látorí òkè. Mọ́tò méjì ni a kún. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀ṣọ́ sọ fún wa pé òjò òru àná pọ̀, pé ìsàlẹ̀ nìkan ni a lè dúró sí, kò sí ẹni tí yóò gòkè. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ọ̀kan nínú wọn fà wá sẹ́yìn, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí á fún un ní nǹkan, yóò jẹ́ kí á kọjá." A ní kò ní ṣẹlẹ̀. A ka àwọn ọmọ padà sínú mọ́tò, a sì kọrí sí ibòmíràn tí a ti béèrè ọ̀nà rẹ̀ kí á tó kúrò nílé.

Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò bá wa lọ. Àwọn kan nínú wọn gba ẹ̀yìn igbó yọ́ wọlé. Nígbà tí a ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a bá èrò ní ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n ń gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì, àwọn tí ó gbé e sì ti rìn fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó rí mọ́tò. A fi mọ́tò kan lára tiwa gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹ̀mí kò bọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ kankan nínú ẹgbẹ́ wa tí ó tún béèrè ìdí tí a fi ń gbọ́ràn sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀yin òbí, owó mọ́tò tí a ti san kò tó ohun tí a lè fi ẹ̀mí ọmọ wé.

BÍ ẸRIN-ÌJẸ̀ṢÀ KÒ BÁ ṢEÉ GÒKÈ

Omi Olúmirìn ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń kọ́kọ́ rò. Ìpele méje ni omi náà fi ń já, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì kọjá ìkìíní tàbí ìkejì. Ìpele òkè wọ̀nyí gan-an ni ó máa ń léwu nígbà òjò. Bí ó bá jẹ́ òkè nìkan ni wọ́n tì, ẹ dúró sí ìsàlẹ̀, ẹ jẹun, ẹ ṣeré, kí ẹ sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá wà ní títì, ẹ má tíì yí orí mọ́tò padà sílé.

Òkè tí omi Olúmirìn ti ń já kò dá wà. Ọ̀wọ́ òkè gígùn kan ni, tí ó na láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wọ ilẹ̀ Èkìtì, àwọn onímọ̀ nípa òkúta a sì máa fi orúkọ Ẹ̀fọ̀n pè é. Ní apá Èkìtì ọ̀wọ́ òkè kan náà yìí ni omi Àrìnta wà, ní Ìpólé-Ìlórò. Òun náà ń já látorí òkúta sáàárín igbó, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, èrò ibẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ béèrè ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìlú yìí fúnra rẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń dúró wò, nítorí pé àárín òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ẹdẹ ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sùn sí ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ibojì rẹ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìsọjí ọdún 1930 kò ní pàdánù ohunkóhun bí ẹ bá yà níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìkìlọ̀ òjò tí a ṣe nípa Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà kan Àrìnta náà. Omi já, omi já ni. Bí ó bá jẹ́ òjò ni ó ti ọ̀kan, ẹ má sá lọ bá èkejì. Ìkógòsì ni kí ẹ lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì jìnnà sí Ìpólé rárá. Níbẹ̀ ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun láti inú ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń ṣàn lọ pàdé. Bí ẹ bá ti ọwọ́ kan bọ èyí, tí ẹ ti ọwọ́ kejì bọ tọ̀hún, ẹ óò mọ ìyàtọ̀. Àwọn ọmọ yóò béèrè ẹni tí ó ń dáná sí i. Ẹ sọ fún wọn pé omi òjò a máa wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnàjìnnà gba ihò òkúta, ibi jíjìn nínú ilẹ̀ a sì máa gbóná. Bí omi náà bá tún rí ihò gbà padà sókè kíákíá, yóò gbé ooru ibẹ̀ wá. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ṣùgbọ́n ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, John McGee, ni ó mú kí òkìkí rẹ̀ kàn dé ìta ní ọdún 1952.

BÍ ÒKÈ ÌDÀNRÈ BÁ WÀ NÍ TÍTÌ

Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a lè pè ní baba nínú gbogbo wọn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 660, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà fún ẹni tí ó bá ń mí hẹlẹ. Lókè pátápátá ni ìlú àtijọ́ wà, àní odidi ìlú, pẹ̀lú ààfin Ọwá, ilé-ẹjọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1906, àti ilé-ìwé. Láàárín ọdún 1920 sí 1935 ni àwọn ènìyàn sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ tí wọ́n wà lónìí. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Bí èyí kò bá ṣeé gùn, òkè tí ó jọ ọ́ jù lọ ni ti Adó-Àwáyé, nítòsí Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A mọ̀ pé kò súnmọ́ Àkúrẹ́, nítorí náà kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin ará Oǹdó lè sáré dé lọ́jọ́ kan náà. Ti Èkìtì tí a sọ lókè yẹn ni kí ẹ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta bọ̀, tí ẹ ti ń pète Ìdànrè, Adó-Àwáyé tilẹ̀ yá yín ju Ìdànrè lọ. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ń kà níbẹ̀, èyí tí kò pọ̀ ju ààbọ̀ ti Ìdànrè lọ púpọ̀. Ìyá ọlọ́mọ tí ó bá ń sinmi díẹ̀díẹ̀ lè gùn ún.

Lórí òkè yìí ni adágún omi Ìyàkẹ̀ wà. Ènìyàn yóò gun òkúta gbígbẹ títí, lójijì yóò sì bá omi lókè, tí koríko yí i ká. Adágún yìí ni àwọn ènìyàn wa máa ń fi wé Hanging Lake ti Colorado tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, tí ó ń fi àwòrán tọ̀hún ránṣẹ́ sí yín, ẹ lè fi àwòrán Ìyàkẹ̀ dá a lóhùn! Ìlànà kan náà ni àwọn méjèèjì sì ní: kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú wọn. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ nítorí kí omi náà má baà bàjẹ́. Ní ti Ìyàkẹ̀, ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ ni pé ẹni tí ó bá kó sí i kì í padà wá. Ẹ gba ìtàn náà gbọ́ o, ẹ kò gbà á gbọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ omi tí ẹ kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan nípa Ìdànrè àti Adó-Àwáyé: òkúta akọ ni wọ́n. Òkúta akọ kì í mu omi bí ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè yóò di odò. Bí òjò bá ṣú nígbà tí ẹ wà lókè, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ó tó dé, ẹ má dúró ya fọ́tò.

FÚN ÀWỌN ÀGBÀ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ WẸ́WẸ́

Kì í ṣe gbogbo ẹbí ni ó lè gun àtẹ̀gùn 369. Màmá àgbà ń bẹ nílé, ọmọ ọdún mẹ́ta ń bẹ. Fún irú àwọn wọ̀nyí, òkúta Olúmọ ní Abẹ́òkúta dára. Abẹ́ òkúta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, tí Ṣódẹkẹ́ sì kó wọn tẹ ìlú dó ní ọdún 1830. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, wọ́n sì tún ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn sókè. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ má baà gbé màmá dé ìsàlẹ̀ kí ó sì dúró síbẹ̀.

Bí Olúmọ bá wà ní títì, Abẹ́òkúta kò tíì tán. Ẹ gba Aké lọ, ẹ wo ilé ìjọsìn Peteru Mímọ́, tí ó jẹ́ ti àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìlú yìí náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lónìí, ibẹ̀ ni orísun rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ilé gíga kan wà lórí Òkè Àrẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936 ní ìrántí Ọ̀gágun Bower. Láyípo ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè é, nítorí pé àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tí ó bá dé òkè rẹ̀ yóò rí òrùlé Ìbàdàn títí dé ibi tí ojú mọ. Ìdajì ọjọ́ tó láti lọ àti láti bọ̀, kò sì ná owó púpọ̀.

Ẹ̀RÙ TÍ Ó Ń BA ÀWỌN KAN

Àwọn ará kan ti bi wá pé, "Ǹjẹ́ ó tọ́ kí onígbàgbọ́ gun òkè tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà?" Ìbéèrè náà kò burú. Èrò tiwa ni pé Ọlọ́run ni ó dá òkè kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹbọ lọ síbẹ̀. Ẹ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Bí ẹ bá dé ibi tí àwọn onílé ti ń ṣe tiwọn, ẹ má bú wọn, ẹ má fọwọ́ kan ohun wọn, ẹ má sì bá wọn ṣe é. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ ọdún wọn ni ẹ dé, tí wọ́n ní àlejò kò gbọdọ̀ gòkè, ẹ kí wọn, kí ẹ sì máa lọ. Ilé onílé ni.

KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ẹ mú ibi méjì, ẹ má mú ẹyọ kan. Ẹ sọ fún awakọ̀ láti ilé pé, "Bí ibi báyìí kò bá ṣeé ṣe, ibi báyìí ni a óò lọ," kí ẹ sì bá a ṣe àdéhùn owó méjèèjì, kí ìjà má baà bẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ wá ẹnìkan ní ìlú tí ẹ ń lọ, kí ẹ pè é ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ tún pè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ bi í nípa òjò, nípa ìlẹ̀kùn, àti nípa ọ̀nà. Bí ó bá ní ọ̀nà kò dára, ẹ jókòó sílé. Ẹ má rìn lóru lọ, ẹ má rìn lóru bọ̀.

Ẹ gòkè ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì ti dé ìsàlẹ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì, kì í ṣe bàtà gíga tí ẹ fi ń lọ sí ìsìn. Kí olúkúlùkù gbé omi tirẹ̀ dání. Ẹ gba ọmọ ìlú tí yóò máa ṣíwájú yín, kí ẹ sì san owó rẹ̀ fún un láìyọ nínú rẹ̀.

Ẹ ka àwọn ọmọ nígbà tí ẹ bá ń gòkè, ẹ kà wọ́n lókè, ẹ tún kà wọ́n ní ìsàlẹ̀. Kí àgbàlagbà kan máa ṣíwájú, kí òmíràn máa kẹ́yìn. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún olórí ẹgbẹ́. Ẹ kó ọ̀rá omi àti ike yín sọ̀kalẹ̀, ẹ má fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará, òkè kì í sá lọ. Èyí tí wọ́n tì lónìí, bí ó bá di ọ̀la wọn yóò ṣí i, yóò sì bá wa láàyè láti gùn ún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ àwọn ọmọ kí ẹ tó wọ mọ́tò, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ tí ó gba "ó ti tó" lẹ́nu ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ojo. Kí Olúwa mú yín lọ, kí Ó sì mú yín bọ̀ láìyingin.